Ọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù màmá mi: ohun tá a rí nígbà tá a ka gbogbo ẹ̀ pọ̀

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kíkún, látìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó dé báyìí, torí mo mọ̀ pé ilé tí ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún bá wà, ó ṣòro kó má sí ike kálísíọ̀mù kan níbẹ̀. Màmá mi ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní tó bá máa gba ẹnì kan lọ́wọ́ irú ohun tójú àwọn rí, kí n kọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ àwọn.

Ẹni ọdún 64 ni wọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lẹ́ni ọdún 56, nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró tipẹ́, wọ́n yẹ egungun wọn wò, èsì sì jáde pé egungun ìbàdí ti ń fúyẹ́, kò tíì burú débi tí wọ́n á fi pè é ní àìsàn ṣùgbọ́n kò sí níbi tó yẹ kó wà mọ́. Dókítà tó rí wọn nígbà yẹn ní kí wọ́n máa lo kálísíọ̀mù, hóró kan tó jẹ́ 600 mg láàárọ̀, òmíì lálẹ́. Wọ́n sì ń lò ó. Ọdún mẹ́jọ gbáko, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n fò, ẹni tó bá mọ màmá mi mọ̀ pé tí dókítà bá ti sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti di òfin nìyẹn. Láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn kò sẹ́ni tó tún bi wọ́n pé mélòó lẹ ń lò, kí lẹ tún ń lò mọ́ ọn, kí lẹ ń jẹ. Èmi náà ò bi wọ́n, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa ń bá wọn ra ike tuntun tí ti tẹ́lẹ̀ bá tán.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò wọn ọkùnrin ní háàtì àtáàkì. Ó yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba gbogbo ẹbí, dókítà tó ń tọ́jú màmá mi báyìí sì ní ó yẹ káwọn wo ọkàn tiwọn náà, torí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, kolẹ́sítírọ́ọ̀lù burúkú wọn sì wà ní 148. Síkáànù kan ni wọ́n ṣe, ó máa ń wo iye kálísíọ̀mù tó ti lẹ̀ mọ́ ara àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn fúnra ẹ̀, wọ́n á wá fún èèyàn ní máàkì. Tó bá jẹ́ 0, wọn ò rí nǹkan kan. 1 sí 99 kéré, 100 sí 399 wà láàárín méjì, 400 lọ sókè ti pọ̀. Arthur Agatston àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló gbé ètò máàkì yìí jáde lọ́dún 1990, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é dòní. Ti màmá mi jẹ́ 138.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ẹni tó kó bébà èsì fún wọn lọ́jọ́ yẹn kàn sọ fún wọn pé, "Màmá, kálísíọ̀mù ti wà nínú iṣan ọkàn yín o, ẹ padà wá rí dókítà ní oṣù kan sí i." Ó tán. Kò sọ ibi tó ti wá, kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe kó tó di oṣù kan yẹn. Màmá mi gbọ́ "kálísíọ̀mù", wọ́n rántí ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń gbé e mì, wọ́n délé, wọ́n kó gbogbo ike oògùn tí orúkọ yẹn wà lára ẹ̀ sínú láílọ́nù kan, wọ́n so ó pinpin, wọ́n jù ú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọn ò dúró síbẹ̀ o. Mílíìkì kúrò nílé. Yọ́gọ́ọ̀tì kúrò nílé. Sàdíìnì, wọ́n ní egungun wà nínú ẹ̀, òun náà kúrò nílé.

Èmi ò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ kí wọn, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń mu tíì dúdú, èèyàn tí kì í mu tíì láìfi mílíìkì sí i láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo ní, "Mọ́mì, mílíìkì ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mílíìkì yẹn ló fẹ́ pa mí." Wọ́n wá ń sọ ọ́ fún mi, omi ń lé sójú wọn. Ọdún mẹ́jọ lèmi fúnra mi fi ń kó òkúta sínú ọkàn mi, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lórí fóònù níwájú wọn. Àwọn náà gbọ́ tán, inú bí wọn, wọ́n ní, "Ẹ ò gbọ́dọ̀ dá a dúró, Mọ́mì, egungun tó bá ṣẹ́ nìbàdí ló ń gbé àgbàlagbà lọ, ẹ padà sórí oògùn yín lónìí olónìí." Ìfẹ́ ló ń mú kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì parọ́ nípa egungun. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹnì kan ní òun ò ní fẹnu kan kálísíọ̀mù kankan mọ́ láé, ẹnì kejì ní kí wọ́n padà máa lo gbogbo ẹ̀ bó ṣe wà, kò sì sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó mọ iye tí màmá ń lò gan-an lójúmọ́.

Kí n tó dé orí kíkà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún màmá mi, torí ẹ̀rù tó wà lójú wọn ni mo fẹ́ kó kúrò ná. Kálísíọ̀mù tó wà nínú iṣan ọkàn kì í ṣe gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mílíìkì tó lọ rọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, bí omi ṣe máa ń fi funfun sílẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́tù. Ọ̀rá burúkú ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú ògiri iṣan, ara á máa bá a jà, ibẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn máa ń dá kún un, bó ṣe ń pẹ́ sí i àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ògiri iṣan yẹn á yí padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ egungun, wọ́n á máa to kálísíọ̀mù jọ síbẹ̀. Àpá ni. Àpá sì kọ́ ló dá ọgbẹ́ sílẹ̀. Ohun tí máàkì 138 yẹn ń sọ ni pé ọgbẹ́ ti wà nínú iṣan yẹn látọdún pípẹ́, kí wọ́n lọ wá ohun tó ń dá a.

Mo tún sọ fún wọn pé ọkàn gan-an ò lè lù láìsí kálísíọ̀mù. Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn, ti Sydney Ringer, dókítà kan ní London, nǹkan bí ọdún 1882 sí 1883. Ó ń fi omi iyọ̀ bọ́ ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ tó ti yọ síta, ọkàn yẹn ń lù dáadáa. Ìgbà tó yá ló wá rí i pé omi ẹ̀rọ lásán ni ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi po iyọ̀ yẹn, kì í ṣe omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru ẹ̀. Ó ní kí wọ́n lo omi tó mọ́ gaara yẹn, ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, ó dúró. Kálísíọ̀mù tó wà nínú omi ẹ̀rọ ló ti ń gbé e ró látọjọ́ yìí. Màmá mi ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì.

Torí bẹ́ẹ̀ ni ara ò ṣe fi kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ṣeré. Àwọn kókó mẹ́rin kéékèèké wà lọ́rùn wa, iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Kálísíọ̀mù tó wà lára àgbàlagbà máa ń tó nǹkan bíi kílò kan, 99% ẹ̀ wà nínú egungun àti eyín, egungun ni aká tí ara ń kó o sí. Tó bá wá lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn kókó yẹn á ránṣẹ́ sí aká, wọ́n á bù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí mílíìkì, láìsí yọ́gọ́ọ̀tì, láìsí ẹja, fi dùn mí tó yẹn. Iṣan ọkàn wọn ò rí èrè kankan níbẹ̀, egungun tó ti ń fúyẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún lọ ń bù lára ẹ̀.

Ó wá ku kíkà. Mo gbé láílọ́nù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, mo tú u sórí tábìlì, mo mú bírò àti ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí.

Hóró kálísíọ̀mù méjì, 600 àti 600, ìyẹn 1,200 mg. Èyí yé gbogbo wa.

Fítámínì àpapọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fáwọn obìnrin tó ti kọjá 50, ọ̀rẹ́ wọn kan ló ní ó dáa. Mo yí ike ẹ̀ padà, kálísíọ̀mù 200 mg wà nínú hóró kan. Wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di 1,400.

Ẹ̀kẹta ni mi ò retí rárá. Àyà máa ń ta màmá mi lálẹ́, wọ́n ní oògùn kan tí wọ́n máa ń jẹ lẹ́nu bíi súwíìtì, ó dùn, ó ń tù wọ́n, wọn ò tiẹ̀ kà á sí oògùn. Mẹ́ta lójúmọ́, mẹ́rin lọ́jọ́ míì. Mo wo ara ike ẹ̀: calcium carbonate 500 mg nínú hóró kan. Nínú calcium carbonate, 40% ló jẹ́ kálísíọ̀mù gangan, nítorí náà hóró kan jẹ́ 200 mg, mẹ́ta jẹ́ 600. Kì í ṣe gbogbo ike ló máa ń kọ èyí yanjú o, òmíràn á kọ ìwọ̀n gbogbo iyẹ̀fun yẹn, òmíràn á kọ ti kálísíọ̀mù nìkan, ẹ máa wo èyí tí wọ́n kọ.

Ó ti di 2,000 mg látinú ike nìkan, a ò tíì débi oúnjẹ. Kí wọ́n tó dá a dúró, ife mílíìkì kan lójúmọ́, nǹkan bíi 300. Yọ́gọ́ọ̀tì ife kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400. Ìyókù oúnjẹ, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi 200 sí i. 900 mg látinú oúnjẹ. Àpapọ̀: 2,900 mg lójoojúmọ́.

Iye tí wọ́n ní kí obìnrin tó ti kọjá 50 máa rí lójúmọ́ ní Amẹ́ríkà jẹ́ 1,200 mg, oúnjẹ àti oògùn pọ̀. Ní Britain 700 péré ni wọ́n ń sọ fún àgbàlagbà. Iye tí wọ́n ní kí ẹni tó ti lé ní 50 má kọjá ní Amẹ́ríkà, 2,000 ni. Nígbà tí mo fa ìlà sísàlẹ̀ ìwé yẹn, tí mo kọ 2,900, màmá mi wò ó, wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí fóònù ṣì, àwọn náà dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí gbogbo wa ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn.

Bó ṣe di pé nǹkan ń so kọ́ra nìyẹn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà lára àwọn tó ń mú kéèyàn máa tọ̀, irú tí wọ́n ń pè ní thiazide, irú yẹn máa ń mú kí kíndìnrín di kálísíọ̀mù mú dípò kó tọ̀ ọ́ dànù. Mo tú fáìlì wọn, mo rí èsì ẹ̀jẹ̀ kan tó ti tó oṣù méje, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ 10.7, láàbù yẹn ní láti 8.5 sí 10.5 ló dáa. Ó fi díẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan sí i. Ìgbẹ́ tí kì í yá wọn láti bí ọdún mélòó kan, a ní àgbà ló dé. Òùngbẹ tó máa ń gbẹ wọ́n lóru, a ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Òkúta kékeré tó já láti kíndìnrín wọn lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí wọ́n fi sunkún di ìdájí, wọ́n ní kí wọ́n máa mu omi dáadáa, ó tán. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kálísíọ̀mù ló fa gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ti jókòó ka ike wọ̀nyẹn nígbà náà, ó dá mi lójú pé ìbéèrè ì bá ti jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ó yé àwọn báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé hóró kálísíọ̀mù ń ba ọkàn jẹ́, kí n fi ẹ̀rí hàn, kí n má kàn máa sọ ohun tí mo gbọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mélòó kan.

New Zealand lọ̀rọ̀ yẹn ti gbóná. Àwọn Mark Bolland àti Ian Reid ní yunifásítì Auckland kó obìnrin 1,471 tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró jọ, wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ̀mù gíráàmù kan lójúmọ́, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀, fún ọdún márùn-ún. Ọ̀rọ̀ egungun ni wọ́n torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ti ọkàn jáde lọ́dún 2008, háàtì àtáàkì pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó gba kálísíọ̀mù. Lọ́dún 2010 wọ́n kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀, èyí tí wọ́n ti lo kálísíọ̀mù láìfi fítámínì D sí i, ewu háàtì àtáàkì fi nǹkan bí 30% ga. Ayé dàrú. Àwọn míì sì dìde pé kò rí bẹ́ẹ̀, torí ní Amẹ́ríkà wọ́n ti fún ìdajì nínú obìnrin 36,282 ní kálísíọ̀mù 1,000 mg pẹ̀lú fítámínì D fún ọdún méje, háàtì àtáàkì ò pọ̀ sí i láàárín wọn lápapọ̀, òkúta kíndìnrín ló fi 17% pọ̀ sí i. Bolland àtàwọn èèyàn ẹ̀ tún ìṣirò yẹn wò lọ́dún 2011, wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn ti ń ra kálísíọ̀mù tiwọn lò tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá yọ wọ́n sọ́tọ̀, ewu ọkàn fara hàn lọ́dọ̀ àwọn tí kò lò ó tẹ́lẹ̀. Àríyànjiyàn yẹn ò tíì parí.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni àwọn tó ya oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára hóró. Ní Heidelberg ní Jámánì, wọ́n tẹ̀ lé àwọn èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 fún nǹkan bí ọdún 11, èsì jáde lọ́dún 2012, ewu háàtì àtáàkì fi 86% ga lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo hóró kálísíọ̀mù ju àwọn tí kò lo hóró kankan lọ, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú oúnjẹ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ò fa irú ẹ̀, ewu tiẹ̀ kéré sí i níbẹ̀. Lọ́dún 2016, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ṣe irú síkáànù tí màmá mi ṣe yẹn gan-an fún èèyàn 2,742, wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Àwọn tí kálísíọ̀mù wọn pọ̀ jù, tó jẹ́ pé oúnjẹ ni púpọ̀ ẹ̀ ti wá, ni iṣan ọkàn wọn kò tètè ní kálísíọ̀mù, àwọn tó ń lo hóró ni ó ṣeé ṣe kó fi 22% yọ lára wọn jù. Mo ka èyí fún màmá mi lórí ìjókòó, ní ìlà-ìlà. Mílíìkì yín kọ́, Mọ́mì.

Kí n má fi ibi kan pamọ́: ìwádìí tó tẹ̀ lé èèyàn lásán ò lè sọ pé hóró ló fà á, torí ẹni tó ti ń ṣàìsàn náà ló máa ń ra hóró jù. Lọ́dún 2016 kan náà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ egungun àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń dènà àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé tí gbogbo ẹ̀ pọ̀ kò bá ti kọjá 2,000 sí 2,500 mg, kò sí ẹ̀rí tó lágbára pé ó ń ṣe ọkàn níbi, wọ́n sì ní oúnjẹ ló sàn jù. Oúnjẹ náà sì ní ibi tó dé o. Ní Sweden, láàárín obìnrin 61,433, àwọn tí tiwọn lé ní 1,400 mg lójúmọ́ kú jù àwọn tó wà láàárín 600 sí 1,000 lọ, ti àwọn tó tún ń fi hóró kún un ló burú jù. Èrò tèmi ni pé ẹni tó wà ní 2,900 bíi màmá mi kò sí nínú àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé yìí rárá, ó ti kọjá ibi tí gbogbo wọn fa ìlà sí.

Bí hóró ṣe lè yàtọ̀ sí oúnjẹ, bó ṣe yé mi rèé. Ife mílíìkì pẹ̀lú oúnjẹ, kálísíọ̀mù inú ẹ̀ á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Hóró ńlá kan, gbogbo ẹ̀ á dé lẹ́ẹ̀kan náà, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ á ga fún wákàtí mélòó kan kí ara tó rí i bójú tó. Màmá mi ń ṣe ìyẹn láàárọ̀ àti lálẹ́, súwíìtì àyà títa á tún wá gorí ẹ̀.

A gbé ìwé yẹn àti láílọ́nù yẹn lọ bá dókítà. Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Màmá, ta ló ṣe ìṣirò yìí? Ó yẹ kí n ti bi yín tipẹ́." Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an fún gbólóhùn yẹn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kálísíọ̀mù ti padà sí 9.6 láàárín oṣù tí wọ́n fi dá a dúró yẹn, wọ́n yẹ àwọn kókó ọrùn wò bóyá àwọn ló ń ṣe jàǹbá, wọ́n dáa. Wọ́n tún egungun wò, máàkì ìbàdí jẹ́ -1.9, ó ku díẹ̀ kó dé -2.5 tí wọ́n máa ń pè ní àìsàn. Wọ́n ní tó bá débẹ̀ wàyí, oògùn egungun gangan ni àwọn á kọ, kì í ṣe ike kálísíọ̀mù sí i.

Hóró 600 méjèèjì, ó tán. Fítámínì àpapọ̀, ó tán, fítámínì D nìkan ni wọ́n kọ, 800 yúnìtì lójúmọ́. Ti àyà títa, wọ́n bi wọ́n ní ìgbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́, a wá rí i pé wọ́n máa ń jẹun tán wọ́n á lọ sùn, wọ́n ní kí wákàtí mẹ́ta wà láàárín ẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní oògùn míì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọ́n yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru padà sí irú míì. Wọ́n kọ státínì fún kolẹ́sítírọ́ọ̀lù, wọ́n ní ibi tí ọgbẹ́ iṣan wà gan-an nìyẹn.

Mílíìkì padà. Ife kan lójúmọ́, yọ́gọ́ọ̀tì kan, sàdíìnì pẹ̀lú egungun ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, agolo kékeré kan lè ní 300 mg, kéèyàn ṣáà má yọ egungun ẹ̀ sọnù. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ yàtọ̀ síra o, spinach ní kálísíọ̀mù púpọ̀ lójú bébà ṣùgbọ́n nǹkan bí 5% ẹ̀ ni ara ń rí gbà, ti mílíìkì tó 30%. Gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó wà láàárín 1,000 sí 1,200, dókítà ní kò pọn dandan kó géérégé lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ òkúta kíndìnrín, èmi gan-an ni mo béèrè bóyá mílíìkì ò ní dá a padà, wọ́n ní rárá, kálísíọ̀mù inú oúnjẹ máa ń di oxalate, èròjà inú oúnjẹ tó máa ń bá kálísíọ̀mù di òkúta, mú nínú ìfun kó tó dé kíndìnrín, ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ ló máa ń ní òkúta sí i.

Ohun kan wà tí mo bẹ dókítà pé kí wọ́n ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù: kí ni ká sọ fún ẹni tó ń lò ó tó sì nílò ẹ̀? Wọ́n ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má dá a dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ò lè mu mílíìkì, àwọn kan wà lórí oògùn egungun, àwọn kan ti gé kókó ọrùn. Tiwọn ni kí wọ́n ka ti oúnjẹ ná, kí wọ́n fi hóró dí àlàfo tó kù nìkan, kó má ju 500 mg lọ lẹ́ẹ̀kan, tó bá jẹ́ carbonate kí wọ́n lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, tó bá jẹ́ citrate, irú kálísíọ̀mù míì, wọ́n lè lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tàbí láìsí oúnjẹ. Ẹni tó bá ń lo oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, citrate ló máa ń bá a lára mu jù.

Ó ti pé ọdún kan ó lé báyìí. Oṣù kejì ni ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yá wọn, òùngbẹ òru yẹn lọ. Kolẹ́sítírọ́ọ̀lù burúkú wọn ti wá sí 82, kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ 9.5. Wọ́n ń rìn ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń gbé nǹkan tó wúwo díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ torí egungun, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ wọn ni wọ́n máa ń ròyìn ẹ̀ fún mi ṣáá. Mo béèrè bóyá ká tún síkáànù ọkàn ṣe ká lè rí i bóyá 138 yẹn ti dín kù, dókítà ní kò sídìí ẹ̀, státínì fúnra ẹ̀ lè mú kí máàkì yẹn lọ sókè torí ó ń mú kí ibi tó rọ̀ nínú iṣan le, tó bá sì le, kò ní tètè bẹ́. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún màmá mi níṣojú mi, kí ẹnikẹ́ni má tún fún wọn ní bébà kan lọ́jọ́ kan kí wọ́n tún dá mílíìkì dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ kó ike oògùn ìyàwó wọn jáde lọ́sẹ̀ tá a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé. 1,800 ni wọ́n kà níbẹ̀. Egungun màmá mi la máa tún wò, oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún wa.